Windows Méjì, Baba Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀rọ náà ní òun ò rí nǹkan kan lórí dísíìkì Alhaji. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ẹ́dẹ, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ṣe àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Alhaji. Inú kọ̀ǹpútà wọn àtijọ́ ni wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ agbo ilé wọn sí. Àwọn àgbà tó ka orúkọ wọ̀nyẹn fún wọn ti kú tán, ojú Alhaji náà sì ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò lè tún un tẹ̀ mọ́.

Windows 98, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà lórí ẹ̀rọ náà, ó sì ń dákú ṣáá. Mo bá gbé Windows XP, tó jáde lẹ́yìn ẹ̀, lé e lórí. Lójú tèmi, Windows náà ni Windows, àbúrò á mọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. XP bi mí bóyá kí òun yí bí dísíìkì ṣe ń tọ́jú nǹkan padà, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tiẹ̀ ṣe ẹ̀dà kankan sílẹ̀, èmi tí mo máa ń fi ìyẹn bá oníbàárà jà! Ìgbà tó yá, ètò tí Alhaji fi kọ orúkọ kọ̀, kò ṣí. Mo yọ dísíìkì náà, mo fi sínú ẹ̀rọ 98 mìíràn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ní òun ò rí nǹkan kan.

Alhaji ń wò mí láti orí bẹ́ǹṣì. "Ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí, sà."

Irọ́ ni mo pa. Mo yọ́ jáde, mo pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tó ń dáko nílùú Ara báyìí, mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn.

"Bùkọ́lá, ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ ìyá ni 98 àti XP?" Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di mí létí. "DOS, ojú dúdú tí à ń tẹ àṣẹ sí nígbà yẹn, òun ló bí 98. Ilé NT, Windows tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún iléeṣẹ́, ni XP ti wá. Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀."

"Ṣé mo ti bà á jẹ́ nìyẹn, sà?"

"Rárá. Bẹ́ẹ̀ ni tó o tẹ ló sọ ọ́ di dísíìkì ilé NT, 98 ò sì lè kà á, ṣùgbọ́n XP ń ka ti ilé méjèèjì. Dá a padà sínú ẹ̀rọ Alhaji, kí XP kó fáìlì náà sórí dísíìkì àtijọ́ mìíràn tí 98 lè kà, kó o wá gbé e fún 98. Má sì tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni mọ́ lónìí!"

Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Mi ò lè jókòó títí tí orúkọ fi kún ojú ẹ̀rọ.

"Bá mi wo Ráfíátù," Alhaji wí. "Lábẹ́ orúkọ mi."

"Ó wà níbẹ̀, sà. Àkọ́bí lẹ kọ síwájú ẹ̀."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló lò láyé. Kò síbòmíràn tá a kọ orúkọ ẹ̀ sí."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì dìde. Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ṣe.