Ọmọ Ẹni Tó Sá fún Òyìnbó

Láyé ọdún 1990 sí òkè, nígbà tí mo ń ṣe dókítà ní Jẹ́dà, mo máa ń ya ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan ní àdúgbò Misfalah tí mo bá lọ kírun Jímọ̀ ní Mẹ́kà. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí. Èdè Haúsá tí mo gbọ́ láti kékeré ní Ìlọrin la fi ń sọ̀rọ̀.

Ó máa ń sọ bí àwọn àáfà ṣe dá ìjọba Sókótó sílẹ̀, tó gbòòrò dé Ìlọrin tiwa, àti bí wọ́n ṣe bá òyìnbó jà. Nígbà tí òyìnbó ṣẹ́gun, bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ̀ láti sìn ín. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn la Sudan kọjá wá sí Mẹ́kà. Ọ̀pọ̀ kú sọ́nà.

Lọ́jọ́ kan, mo bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní títì. Àwọn aládùúgbò ní ọlọ́pàá ti kó o mọ́ àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú. Mo wá a dé àtìmọ́lé ní Jẹ́dà. Mo bẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ títí kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọn ò gbà.

"Ọmọ mi, níbo ni wọ́n ń mú mi lọ?"

"Nàìjíríà ni, Ìyá."

"Ta ni mo ní níbẹ̀?"

Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ sá kúrò nítorí òyìnbó ni wọ́n ń dá a padà sí, orúkọ tí òyìnbó sọ ilẹ̀ náà ló sì ń jẹ́ báyìí.

Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Kánò, ó lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ó sì gbà á sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ojoojúmọ́ ni ìyá náà ń béèrè ìgbà tóun máa padà sílé. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi kú.