Ẹ̀yìn Fíofío àti Bẹ́líìtì Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìlédìí

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń fìyà jẹ èèyàn, ẹ lọ wo Fíofío níbi tó ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ láàárọ̀. Kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́. Etí ibùsùn ni yóò jókòó sí, yóò ká orúnkún sókè díẹ̀díẹ̀, yóò wá máa fi ìka ẹsẹ̀ wá ẹnu ìbọ̀sẹ̀ náà kiri. Tó bá bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ti tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, á bá a gbé e wọ̀, á ní, "Bàbá ọmọ mi, àṣé mo ṣì ní ọmọ ọwọ́ nílé." Wọn á jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í pẹ́, torí ẹ̀rín gan-an máa ń ta á ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọ ilé ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo etíkun fi ń pè é ní Fíofío. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi káìtì sáré lójú òkun. Ẹni tí kò bá rí i rí lè rò pé káìtì ọmọdé ni mò ń sọ. Rárá o! Káìtì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ fẹ̀ ju yàrá lọ. Afẹ́fẹ́ á gbé e sókè, okùn á so ó mọ́ èèyàn, èèyàn á dúró lórí pátákó pẹlẹbẹ, káìtì á sì máa wọ́ ọ lọ lórí omi fùú. Ọwọ́ lásán kò lè di irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mú, nítorí náà bẹ́líìtì ńlá kan ni wọ́n ń wọ̀, tó ní ìkọ́ irin níwájú. Ìkọ́ yẹn ni okùn káìtì ń fà.

Oríṣi bẹ́líìtì méjì ló wà. Èkíní jẹ́ ti ìbàdí, ó le, ó fẹ̀, ó sì rẹwà lára ọkùnrin. Àléébù rẹ̀ ni pé tí káìtì bá ti ń fà á, ó lè máa gun òkè títí yóò fi dé egungun ìhà, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á wá tẹ̀ síwájú, gbogbo ìyà á sì dé bá a. Èkejì ní okùn tó gba abẹ́ itan méjèèjì kọjá. Kò lè gùnkè láéláé, ìdí ló ń jókòó lé e. Àmọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn olùkọ́ etíkun yẹn sọ ọ́ ní ìlédìí, bíi ti ọmọ ìkókó. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ sáré lọ tó sì padà wá láìṣubú, wọ́n á bọ́ ìlédìí lára rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n á gbé e kọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá ti bọ́ ìlédìí kì í padà sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin o, ẹ̀yin ẹ ṣáà gbìyànjú ẹ̀ wò, kí ẹ wá gbọ́ orin tí wọ́n máa fi yín kọ.

Ẹni tó ń dá orin ọ̀hún náà ni Aláwàdà. Ọ̀rẹ́ Fíofío ni, ọ̀rẹ́ tí a lè pè ní ìyekan. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ létíkun, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bọ́ ìlédìí. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá fẹ́ sọ káìtì rẹ̀ kalẹ̀ á fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ojú omi, ẹni tó wà ní èbúté á wá sáré lọ gbá káìtì náà mú kó má baà fọ́ mọ́ ilẹ̀. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, Aláwàdà ló ń gbá ti Fíofío mú, Fíofío ló sì ń gbá ti Aláwàdà mú. Ẹlòmíì kì í tilẹ̀ dìde nílẹ̀ tí wọ́n bá rí i pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló ń bọ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀yìn Fíofío bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Lákọ̀ọ́kọ́, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni. Nígbà tó yá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan ní ọsibítù ní kó gbé bẹ́líìtì rẹ̀ wá, ó ní kó wọ̀ ọ́, ó fa ìkọ́ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, bẹ́líìtì náà sì gun Fíofío dé àyà. Ó ní, "Ẹ̀yìn yín gùn, ìbàdí yín tẹ́ẹ́rẹ́, èyí kò lè dúró lára yín. Ẹ lọ wá èyí tó ń gba abẹ́ itan." Ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ ṣáájú obìnrin náà. Aránṣọ ni, ó mọ ohun tó bá ara mu àti ohun tí kò bá a mu. Ó ní, "Aṣọ tó ń sá kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, ẹ̀bi aṣọ ni, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀yìn." Fíofío ní kó jọ̀ọ́, kó má da iṣẹ́ aṣọ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ òkun.

Síbẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Aláwàdà lọ, ní kọ̀rọ̀, bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bá ọ̀rẹ́ sọ ọ́. Ó ní, "Ó ń ṣe mí bíi kí n gbìyànjú ìlédìí wò, títí ẹ̀yìn yìí á fi rọlẹ̀."

Aláwàdà wò ó, ó gbá orúnkún. "Ìwọ? Fíofío? O fẹ́ kí wọ́n máa fi àtíkè pa ọ́ nídìí?"

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, nígbà tí gbogbo olùkọ́ jókòó ti oúnjẹ, ó gba ẹnu Aláwàdà jáde: "Ẹ bá mi kí Fíofío o, ó fẹ́ padà sínú ìlédìí!" Yé! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń ké "ìn-ín-ìn-ín" bí ìkókó tí Fíofío bá ń kọjá. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni kó ṣe? Látìgbà náà, kò sọ̀rọ̀ ìlédìí mọ́. Ó kàn ń fún bẹ́líìtì ìbàdí rẹ̀ le sí i ni, ẹ̀yìn náà sì ń le sí i.

Kí n má parọ́, Aláwàdà ṣaájò rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, á ní kí Fíofío dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, á wá máa fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ orí ni. Kò sí ohun tá a lè ṣe sí i." Fíofío fẹ́ràn ìtẹ̀sẹ̀ yẹn. Ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹni tó ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò ọmọ ìyá.

Ẹ̀yìn ti Aláwàdà, koko ni. Wọ́n bí àwọn méjèèjì lọ́dún kan náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, síbẹ̀ á wà lójú omi láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, á sì jáde bí ẹni tó sùn sùn tó jí. Nígbà tí Màdáámù tó ni iléèwé káìtì náà fẹ́ yan ọ̀gá àwọn olùkọ́, ó ní Fíofío ló mọ iṣẹ́ jù, àmọ́ Aláwàdà ni ara rẹ̀ lè gbé e. Fíofío ló kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn sí i dénú. Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín nípa ọ̀gá tuntun yìí: kì í múra níwájú èèyàn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn sítọ́ọ̀ ló ti ń múra, ṣòkòtò péńpé rẹ̀ fẹ̀ bí àpò, ẹ̀wù rẹ̀ gùn, ìkọ́ irin nìkan lèèyàn ń rí níta. Á gbé bẹ́líìtì ìbàdí kọ́ èjìká lọ, á gbé e kọ́ èjìká bọ̀. Fíofío máa ń ní, "Onítìjú, kí lo ní tá ò ní?" Aláwàdà á ní, "Ohun tó pọ̀."

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tí ọ̀rọ̀ yìí dé góńgó, Fíofío kò lè lo ju ogójì ìṣẹ́jú lọ lójú omi mọ́. Màdáámù pè é wọ ọ́fíìsì, ó ní kó jókòó, nígbà tó sì rí bó ṣe ń jókòó, ó mí kanlẹ̀. "Ní ọjọ́ Ẹtì, wákàtí méjì. Tóo bá lè lò ó lójú omi láìjáde, iṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, inú sítọ́ọ̀ ni wàá wà, wàá máa fọ káìtì, wàá máa ká wọn. Má bínú sí mi."

"Mi ò bínú, mà," ni Fíofío wí. Nígbà tó délé, ó sunkún sórí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀. Òkun nìkan ni ibi tí gíga rẹ̀ kì í ti í gbá nǹkan.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Afẹ́fẹ́ dára, gbogbo wọn sì wà lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, àfi pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Aláwàdà ń tú àpò wò, kọ́kọ́rọ́ ti wà nílé. "Fíofío, ẹsẹ̀ rẹ ló gùn jù, bá mi yà mú un. Ìyàwó wa wà nílé." Òpópónà méjì péré ni, ìrìn sì máa ń tú ẹ̀yìn Fíofío sílẹ̀, ló bá lọ.

Ìyàwó Aláwàdà fún un ní kọ́kọ́rọ́. Bó ṣe ń yí padà, obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi mú èyí náà fún un. Ó gbàgbé ẹ̀ sílé ìwẹ̀, mo sá a, ó sì ti gbẹ."

Ìlédìí ni. Dúdú, ó ti ṣá, okùn abẹ́ itan rẹ̀ ti rọ̀ bí aṣọ àlòkù. Ibì kan ti ya, wọ́n fi òwú pupa gán an.

Fíofío ní, "Ta ló ni ín?"

"Ọkọ mi ni, ẹ̀gbọ́n! Ó ti ń wọ̀ ọ́ ó lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Ẹ̀yìn yẹn ì bá ti pa á. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì kọ́ lẹ jọ rà á ni? Ó ní ọjọ́ kan náà lẹ rà á."

Fíofío ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ kan náà ni. Ó kí i, ó dúpẹ́. Nígbà tó dé ìkóríta, ó fara ti ògiri. Ó lé lọ́dún mẹ́ta! Ó wá ṣírò ọjọ́ tó lọ bá a ní kọ̀rọ̀. Ìlédìí ti wà nídìí Aláwàdà lọ́jọ́ yẹn. Ó wà nídìí rẹ̀ nígbà tó ń gbá orúnkún. Ó wà nídìí rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó ń fi gìgísẹ̀ tẹ òun lẹ́yìn, tó ń ní ọjọ́ orí ni. Orúkọ òun ló tún fi parọ́ fún ìyàwó. Inú bí Fíofío débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀ lójú pópó, kò sì wá ẹni tó ń wo òun.

Ó padà dé, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Aláwàdà, wọ́n ṣí sítọ́ọ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù. Níwájú gbogbo wọn, níwájú Màdáámù tó ti mú aago dání, ó ki ẹsẹ̀ bọ ìlédìí náà, ó tú okùn rẹ̀ dé òpin kó lè gba òun, ó dè é.

Ẹnu Aláwàdà ti mọ́ ọn lára. "Ẹ wá wò ó o! Fíofío ti padà sínú ì..." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí òwú pupa. Àwọn tó kù ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ké "ìn-ín-ìn-ín," Aláwàdà nìkan ni kò lè bá wọn ké e.

Fíofío rọra ní, "Parí ẹ̀. O ti ń sọ ọ́ bọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Fíofío, ó ti ń ṣe mí bíi kí n sọ fún ẹ..."

"Ìyàwó ẹ ní kí n kí ẹ. Ó ní ó ti gbẹ."

Ó gbé pátákó, ó wọ omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bí káìtì ṣe gbé e lọ. Ó ń gbàdúrà pé kí ẹ̀yìn òun dun òun. Bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá dun òun, á jẹ́ pé lóòótọ́, ọjọ́ orí ni, á jẹ́ pé ohun tí Aláwàdà fi pa mọ́ fún òun kò tó nǹkan, òun á bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, á sì tán. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ogójì ìṣẹ́jú, ibi tó ti máa ń jáde, kọjá. Ìkọ́ irin náà dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ ìdodo, fífà káìtì bọ́ sídìí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì dákẹ́. Wákàtí kan. Kò dùn ún. Ó fi tipátipá tẹ ẹ̀yìn síwájú láti wá ìrora náà, kò rí i. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún, láàárín òkun, pẹ̀lú ara tó yá gágá. Ọdún mẹ́ta, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí wákàtí méjì pé, Màdáámù gbé ọwọ́ sókè láti èbúté, ó ń rẹ́rìn-ín. Fíofío yí káìtì sí etí omi, ó fọwọ́ gbá orí lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sẹ́ni tó dìde nílẹ̀ àfi Aláwàdà, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó sáré wá, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè sábẹ́ káìtì náà. Fíofío kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó fà á padà sókè, ó di í mú síbẹ̀, ó wo Aláwàdà títí tí ọwọ́ méjèèjì fi wálẹ̀. Ó wá tún gbá orí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọjú sí àwọn tó kù.

Wọ́n ń wo ara wọn. Kò yé wọn. Níkẹyìn Màdáámù bọ́ bàtà ọ́fíìsì rẹ̀, ó sáré wọ inú iyanrìn, ó sì gbá a mú.