Láptọ́ọ̀pù Tí Mo Wọṣọ Fún

Èmi ni mo wọṣọ fún láptọ́ọ̀pù. N ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Nílé bàbá wa, kò sí ohun tó ń lo iná tí kò ní aṣọ tirẹ̀: rédíò ní, tẹlifíṣọ̀n ní, aṣọ òwú funfun tí màmá wa fọwọ́ ara rẹ̀ hun. Nígbà tí mo wá ra láptọ́ọ̀pù àlòkù, mo ní kí n ṣe é bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Mo rán aṣọ fún un, ó bo abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́, mo sì tẹ́ táwẹ̀lì sí i nídìí. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀, mo rò pé àṣìṣe àwọn tó ṣe é ni.

Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ẹ̀pẹ́. Ojú rẹ̀ kan ti kú, èkejì ń ṣú bọ̀. Ó ní kí n gbé síídì ọjọ́ tí màmá wa ti Mẹ́kà dé wá, òun fẹ́ tún ojú ìyá òun rí kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Síídì kan ṣoṣo náà ni, ọwọ́ mi ló sì wà.

Mo kọ́kọ́ dán an wò nílé. Màmá bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, ó gbọ́wọ́ sókè, àwòrán náà sì dúró gbagidi. Ẹ̀rọ ń kùn bí oyin. Nígbà tí síídì jáde, ó ń jóni lọ́wọ́. Àyà mi já. Mo ti gbọ́ ọ rí pé bátìrì máa ń bú gbàmù. Mo gbé korobá omi sẹ́nu ọ̀nà, mo bọ́ síta, mo ń yọjú wò ó lójú fèrèsé bí ẹni tí àna rẹ̀ ń bínú. Èmi tí irùngbọ̀n mi ti funfun! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ibi ọwọ́ òkè yẹn náà ló ń dúró sí. Ó rẹ̀ mí.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Gáréèjì Ìkòròdú. Ó wo aṣọ náà, ó wò mí.

“Dádì, ẹ wọ súwẹ́tà fún un nínú ooru yìí?”

“Eruku ni mo ń sá fún, ọmọ mi.”

“Imú rẹ̀ lẹ rán pa yẹn o.”

Ó tú aṣọ, ó tú ẹ̀rọ, ó gbọn eruku jáde. Ó ní ibi tó ń yí síídì náà ti darúgbó, tó bá ti yí pẹ́, á gbóná, kò sì ní lè kà á mọ́. Ó ní ká máa kó o sórí fíláàṣì díẹ̀díẹ̀, ká máa jẹ́ kó sinmi. Àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń pe ìrun Alááṣárì kí màmá tó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ìparí kọ̀, kò wọlé.

“Dádì, tá a bá tún fipá mú un, síídì yẹn lè lọ.”

Báyìí ni mo wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, láptọ́ọ̀pù lórí itan, tòun tìbẹ̀rù mi. Ẹ̀gbọ́n mi fa àga mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan gíláàsì. Ó rí màmá tó bọ́ọ́lẹ̀, tó gbọ́wọ́ sókè, tó rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló parí sí.

“Ó ku díẹ̀ lórí síídì, ẹ̀gbọ́n mi,” ni mo wí. “Ṣùgbọ́n tí mo bá tún fi í sínú ẹ̀rọ, ó lè bà jẹ́ pátá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ.”

“Kí ló kù níbẹ̀?”

“Ibi tí màmá ti ń ṣàdúrà fún wa.”

Kò gbójú kúrò níbẹ̀.

“Àdúrà yẹn? Ìdí ẹsẹ̀ wọn ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, mo ti ṣe àmín sí i. Ojú wọn ni mo ń wá. Fi síídì sílẹ̀, jàre, tún èyí bẹ̀rẹ̀.”