Ẹ̀rọ Súwẹ́tà Tí Lọ́yà Fi Òfin Gbà Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Lọ́yà náà ṣì wà láyé. Wọ́n ní ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. N kò ní fi í sílẹ̀. Èmi náà ti dàgbà.

Ní àwọn ọdún tí ìjọba kì í san owó oṣù àwa olùkọ́, Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ́ni. Ọkọ mi ti kú. Wọ́n ti sọ fún ọmọbìnrin mi ní yunifásítì pé bí kò bá san owó kí ìdánwò tó dé, kó má wulẹ̀ wá. Mo mọ bí a ti ń hun súwẹ́tà. Ọ̀gá ilé ìwé wa sì ti ṣèlérí pé ọjọ́ tí mo bá gbé ẹ̀rọ dé, èmi ni yóò gbé súwẹ́tà gbogbo àwọn ọmọ fún, wọn yóò sì san àsansílẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò wọlé mọ́ láti òkè òkun.

Lọ́yà yìí ní ọ̀kan ní pálọ̀ rẹ̀ ní Oǹdó, èyí tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó rìnrìn àjò. A jọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà èwe wa ni. Ó pe iye tó fẹ́, ó ní, "Tíṣà, ìwọ ni mo fi lọ̀. Títí di Sátidé ni mo fún ọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣé ẹ lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì?"

"Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá a."

Ohun tí a sọ nìyẹn. Mo ta ẹ̀gbà ọrùn mi ní Ọjà Ọba, mo yá ìyókù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó ní Ọjọ́bọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti sọ fún un pé mo gbà á ní iye tó pè é. Ìgbà tí mo wọlé ni mo rí i pé ẹ̀rọ kò sí ní pálọ̀ mọ́.

"Mo ti tà á," ni ó wí. Ó ń tayín lọ́wọ́.

"Ṣebí Sátidé lẹ dá fún mi? Mo sì ti ní mo gbà á ní iye tí ẹ pè é. Owó yín rèé."

"O gba kí ni? Mo pe tèmi, o dá tìrẹ padà, o ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bó o ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni tèmi kú. Òkú lo wá ń gbà yìí. Tíṣà, o ò mọ òfin!"

Ọkùnrin kan tó wá fi ẹjọ́ lọ̀ ọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Lọ́yà o! Ẹ ò kúkú ní pa èèyàn!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá bi aláta pé ṣé kò ní dín in, ṣé yóò da ata rẹ̀ nù lójú mi ni?"

"Nígbà náà, lọ pè mí lẹ́jọ́."

Ó mọ̀ pé n kò lówó ẹjọ́. Ó sì mọ òfin. Èmi náà ti kà á láti ìgbà náà, nínú ìwé tí mo yá lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì kan. Ká ní mo ti sọ pé, "N kò san án lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ gbà," mo ti ti tirẹ̀ dànù, mo ti gbé tèmi kalẹ̀, n kò sì lè padà wá ṣa tirẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo béèrè ni. Ẹni tó béèrè kò tíì kọ nǹkan kan. Lóòótọ́, Sátidé tó fẹnu dá lásán kò dè é, ó lè yí ọkàn padà. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ dé etí mi kí n tó sọ pé mo gbà. Ta ló sọ fún mi? Olè ni. Olè tó wọ kóòtù dúdú.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi ti ti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ó ń wo ẹ̀yìn mi.

"Màmá, ta ló ń gbé e bọ̀?"

Ẹgbẹ́ gba owó wọn padà, nítorí ẹ̀rọ ni wọ́n torí ẹ̀ yá mi. Owó ẹ̀gbà ọrùn nìkan kò tó nǹkan. Wọ́n ṣe ìdánwò náà láìsí ọmọ mi níbẹ̀, kò sì padà sí yunifásítì mọ́ láé.