Ìgò Àjàrà Díákónì Àjàgbé

Wọ́n ní Díákónì Àjàgbé ń pọn ọtí ní yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ní Bódìjà. Moróunkẹ́, ìyàwó wọn, sọ fún gbogbo ayé pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ikùn rẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Òórùn spírítì ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ìkòkò prẹ́ṣà ń súfèé, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ kò mọ ẹyin sè.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí Díákónì, tó ti di olóògbé báyìí, fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí, ewé àjàrà ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń tò sórí oúnjẹ tó dì bí ẹ̀kọ tútù nínú ìgò. Ohun funfun tíntìntín tó bá yọ lára rẹ̀, ọlẹ̀ igi ni. Bó bá ta gbòǹgbò, ó di àjàrà. Bí ẹ̀gbin bá kàn án, ó bu bíi búrẹ́dì àná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi spírítì nu ọwọ́, tí wọ́n sì ń se ìgò nínú ìkòkò prẹ́ṣà.

“Ìyá Ẹnìtàn, má mí sí i o!” ni wọ́n máa ń pariwo mọ́ Moróunkẹ́.

“Ṣé kí n má mìí mọ́ ni?”

“Lọ mí ní pálọ̀.”

Bí iná bá lọ, wọ́n á máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ìgò, òógùn á bo àwọn fúnra wọn. Moróunkẹ́ pàápàá kì í sùn dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ tí Díákónì Àjàgbé lọ wá epo jẹnẹrétọ̀ ní Agbowó, Bàbá Akíndúró, olórí àwọn díákónì, wá gbóòórùn ọtí.

“Kì í ṣe ọtí, sà. Ọmọ àjàrà ni. Kò tíì ta gbòǹgbò, àyà ń já wa,” ni Moróunkẹ́ wí.

Àánú ṣe Bàbá Akíndúró. “Àdúrà ló kù. Ṣùgbọ́n báwo ni àdúrà ṣe máa wọlé, nígbà tí ẹ dé e pa?”

Ni Bàbá Akíndúró bá ṣí àwọn ìgò náà, wọ́n gbàdúrà títí itọ́ fi ń ta sí i. Moróunkẹ́ ń ṣe àmín. Ìgò kan ṣoṣo tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, tí ọwọ́ Bàbá Akíndúró kò tó, ló yè. Kò pẹ́, gbogbo ìyókù hu irun dúdú.

“Àdúrà kì í pa igi!” ni Bàbá Akíndúró wí nígbà tí wọ́n padà wá.

“Àdúrà kọ́, sà. Itọ́ yín ni,” ni Díákónì Àjàgbé fèsì.

“Àjàgbé! Itọ́ tèmi? Èmi tí mo so yín pọ̀…”

Ìgò kan tó yè yẹn ló di àjàrà tó bo ògiri báyìí. Èso rẹ̀ kan gógó, síbẹ̀ Bàbá Akíndúró kò yé wá já a. Bí Moróunkẹ́ bá jókòó sábẹ́ ìbòòji rẹ̀, kì í rántí pósí tí wọ́n fi sin ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń rí, tó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu olórí díákónì lọ́jọ́ yẹn, tó gbá ìgò mọ́yà bí ọmọ tuntun, tó sì ń wọ́ sílípáàsì gba géètì jáde, láì tilẹ̀ mí.