Ohùn Bàbá Mi Lórí Ọ̀kadà

Kọ̀mpútà ni mo lọ kọ́ ní pólì kí n tó sá wálé. Bí wọ́n ṣe ń pa á nìkan ló yé mi dáadáa. Mo padà sí Ìfisìn, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dé nígbà yẹn.

Bàbá mi ń fún epo pupa. Obìnrin tó ń rà á wà ní Ìfàkì, kò ní fóònù, kò sì gba ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà gbọ́ mọ́, torí ẹnì kan ti fi irọ́ gbé e wá rí. Tí kò bá tètè gbọ́ pé epo wa ti jáde, á ra ti ẹlòmíì. Bàbá ní, "Akọ̀wé àbọ̀, wá nǹkan ṣe sí i, tàbí kí o máa gun ọ̀pẹ."

Ẹ̀rù òkè ń bà mí. Mo dá ọgbọ́n. Mo gba ohùn bàbá sínú fóònù: "Epo ti jáde nulé o, ẹ wá gbé e." Búlútúùtù ni mo fi ta á sí fóònù ọlọ́kadà tó ń jáde. Tó bá dé oríta Ìgbólé, á ta á sí ẹlòmíì tó ń lọ Ìfàkì, kí obìnrin náà lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn bàbá. Òfin mi ò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó yá jù ni kí wọ́n fún.

Ẹ̀gbọ́n ọlọ́kadà kan ní oríta náà, tó ń wọ dígí dúdú, ní òun ló yá jù. Òun ni gbogbo wọn ń fún, obìnrin náà ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ara fu mí. Ó jọ pé ó ń lọ ta wá fún elépo míì. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn igi kòkó ní oríta, bí ọlọ́pàá tí wọ́n lé kúrò níṣẹ́, ìjàlọ ń jẹ mí.

Ọlọ́kadà wa dé, ó ń tẹ fóònù.

"Ó ti wọlé, máa lọ," ni onídígí wí. Fóònù tiẹ̀ wà nínú àpò.

Mo jáde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tiẹ̀ tàn án."

"Bátìrì ńkọ́? Ìlú ò níná, gbogbo yín ń di ẹrù rù mí. Àfẹ́sọ́nà mi wà l'Ọ̀yẹ́. Tí mo bá dé Ìfàkì tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà, tí mi ò lè pè é, ṣé bàbá ẹ ló máa bá mi fẹ́ ẹ?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Kẹ́ ẹ wá máa pe ẹlòmíì lẹ́ni tó yá jù?"

Mi ò gbà á gbọ́ tán. Epo wà lára ṣòkòtò rẹ̀, àmọ́ epo wà lára tèmi náà.

Mo yí òfin padà: ẹni tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí wọ́n fún, bí ọ̀nà rẹ̀ tiẹ̀ jìn. Ó bọ́ sọ́wọ́ bàbá àgbà kan tó ń fi ọ̀kadà já búrẹ́dì káàkiri Ìgbólé. Ìrọ̀lẹ́ ló dé Ìfàkì. Lọ́jọ́ kejì, pikọ́ọ̀pù obìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Bàbá ka kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn sínú ọkọ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ló bá ẹ ṣe é?" ló bi mí.