Agbòjò Uncle Longri

Ohun tí gbogbo èèyàn fi mọ Uncle Longri ní Peckham, ní London, ni ọjọ́ àṣà tí Aishah, ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò, ṣètò sí gbọ̀ngàn ẹ̀sìtéètì wọn. Ọmọ Nágà ni wọ́n, láti orí òkè ilẹ̀ Íńdíà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Aishah ti lẹ ìwé mọ́ ògiri pé jagunjagun Nágà ń bọ̀. Kóòtù àti táì ni jagunjagun wọ̀ dé, agbòjò lọ́wọ́.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, spear yín ńkọ́? Feathers ńkọ́?"

"Òjò ń rọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀kọ̀ ṣe?"

Ẹnì kan tó ti gbọ́ pé àwọn Nágà àtijọ́ máa ń bẹ́ orí ọ̀tá bi wọ́n pé orí mélòó ni bàbá wọn àgbà bẹ́. Wọ́n ní tíṣà ìṣirò ni bàbá àgbà, àwọn orí tó dà rú lọ́wọ́ wọn ò lóǹkà. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè yìí, ó sì ti sú wọn.

"Ẹ̀yà wa pọ̀," wọ́n ní. "Nágà náà ni ìyàwó mi tó kú, a ò sì gbọ́ èdè ara wa. Èdè ọjà tí gbogbo ẹ̀yà fi ń ná ọjà la fi fẹ́ra."

"Ṣé òun náà lẹ fi ń jà?" Aishah bi wọ́n.

"Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò tó jà."

Mìsítúrà, aládùúgbò wọn tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Catford, ló sún mọ́ wọn jù. Ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ló bá gbọ́ òórùn irú. Imú rẹ̀ ló mú un dé ẹnu ọ̀nà Uncle.

"Uncle, níbo lẹ ti ra irú?"

Kì í ṣe irú. Ẹ̀wà sóyà ni, tí wọ́n fi ewé dì, tí wọ́n gbé ti bọ́ílà tó ń mú ilé gbóná, kó lè kan bí irú. Láti ọjọ́ náà ni Uncle ti ya ìkòkò ẹja sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì kọ "Mìsítúrà" sí i lára.

"Bí mo bá kú," wọ́n sọ nídìí oúnjẹ, "má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹ́ sórí pósí mi." Mìsítúrà ṣèlérí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú Uncle, Aishah gbé fìlà ìyẹ́ kan wá fún orí pósí, omi lójú. "Aunty, I just wanted to honour him."

Kí Mìsítúrà gbà á ni ì bá rọrùn jù.

"O ṣeun, Aishah. Ṣùgbọ́n wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbà."

Agbòjò Uncle ni Mìsítúrà gbé lé pósí náà. Aishah wò ó, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kó tó wá sunkún gidi.

Bí Mìsítúrà bá ń fi irú sebẹ̀ báyìí, kì í ti ilẹ̀kùn. Ó ń jẹ́ kí òórùn rẹ̀ lọ dé ẹnu ọ̀nà Uncle Longri. Àárò wọn ń sọ ọ́ gan-an. Ìkòkò tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ló fi ń sebẹ̀.